Ohun Tí Èéfín Ọkọ̀ Ń Sọ

Awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń gba Ìlobù àti Ìfọ́n kọjá, kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ḿbẹ́lú èéfín ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dúdú, bẹntiróòlù ni ó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: asẹ́ afẹ́fẹ́ lè ti dí, tàbí kí kábúrétọ̀ máa da epo jù, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975. Owó ni olówó rẹ̀ ń sun. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń jóná. Ríǹgì písítìnì lè ti jẹ. Àwọn kan a máa bu ọ́ìlì kún un lójoojúmọ́, wọn a sì pe èyí ní àtúnṣe!

Funfun ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, omi tí ó sùn sínú páìpù èéfín ni ó ń di oruku jáde. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, yóò pòórá. Ẹni tí ó torí èyí tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ náwó lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rú túú síbẹ̀, tí omi rẹ̀díétọ̀ ń dín láìjò sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ dájú pé gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ti jó, omi sì ti ń wọ ibi tí iná wà. Kí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ pa ọkọ̀ ní Ìfọ́n, kí èrò wọ òmíràn, kí ó ké sí mẹkáníìkì. Bí ó bá fi agídí wà á dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí orí ẹ́ńjìnnì gbóná títí tí ó fi tẹ̀, owó gáskẹ́ẹ̀tì kan kò ní tó o mọ́.