ILÉ TÍ A JỌ NÍ: Ẹ̀TỌ́ RẸ ÀTI OJÚṢE RẸ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ ní Aráròmí, etíkun Ìlàjẹ)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ ìdílé, tó ń sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá ara wọn. Ọ̀rọ̀ ilé tí ènìyàn méjì, mẹ́ta tàbí ogún jọ ní ni.

Oríṣi ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló kàn wá. Èkínní ni ilé ẹbí, tí bàbá kọ́ tó sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Èkejì ni ilé tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò dá owó jọ kọ́, tí kálukú ní yàrá tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fúláàtì tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù rà nínú ilé alájà, tí àwọn ẹlòmíràn sì ra tiwọn lókè àti nísàlẹ̀. Ilé wọ̀nyí kò jọra, ṣùgbọ́n ìjà kan náà ló ń bẹ́ sílẹ̀ nínú wọn: ta ló ń gba owó, ta ló ń ná an, ta ló sì lè tà á?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ẹni tó ń ṣàkóso ilé àjọní, ìríjú ni, kì í ṣe òun nìkan ló ni ín. Ìríjú gbọ́dọ̀ jíhìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìríjú jíhìn gbọ́dọ̀ san èyí tó kàn án.

1. KÍ NI TÈMI, KÍ NI TIWA?

Nínú ilé àjọní, apá méjì ló wà. Yàrá tàbí fúláàtì rẹ, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n òrùlé, àtẹ̀gùn, ọ̀nà àbáwọlé, kànga ẹ̀rọ, kòtò ìyàgbẹ́ àti ìpìlẹ̀, ti gbogbo yín ni. Ẹni tó wà lókè kò lè sọ pé kòtò ìyàgbẹ́ kò kan òun, ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà kò lè sọ pé páànù tó ń jò kò kan òun. Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ wo àwọn ilé tí Alhaji Lateef Jakande kọ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 1979 sí 1983, irú èyí tó wà ní Ìsọlọ̀ àti Abẹ́sàn. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù tipasẹ̀ wọn di onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ra fúláàtì kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ògiri mẹ́rin rẹ̀ nìkan ló rà, ó ra aládùúgbò àti gbèsè òrùlé mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá wó ògiri nísàlẹ̀ kí ó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń sùn lókè ló gbé sínú ewu.

2. OHUN TÍ KÓÒTÙ TI SỌ NÍPA ILÉ ẸBÍ

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹbí kò ní òfin, pé ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti wí ni abẹ gé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kóòtù ti ń dá ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ilé ẹbí Olóyè Mabinuori ni wọ́n ń jà lé lórí. Kóòtù sọ pé Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ló ń di olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá. Bí òun náà bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ló kàn. Wọ́n tún sọ pé olórí ẹbí kò lè dá ṣe ohun pàtàkì lórí ilé náà láìjẹ́ pé ó bá àwọn ẹbí sọ ọ́.

Ní 1938, nínú ẹjọ́ Bajulaiye àti Akapo, kóòtù ka ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín: ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé nínú ilé ẹbí; ó ní ẹ̀tọ́ láti máa wọlé kó sì máa jáde láìsí ìdíwọ́; ó ní ẹnu nínú bí a ṣe ń ṣàkóso ilé náà; ó sì ní ìpín nínú owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó ilé kúrò. Ẹ̀tọ́ mẹ́rin nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n bá gbé ayálégbé sí yàrá mẹ́fà nínú ilé bàbá yín, tó ń gba owó lọ́dọọdún, tí o sì bi í léèrè, kì í ṣe àfojúdi ni o ṣe. Ẹ̀tọ́ rẹ ni o béèrè. Ṣùgbọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n náà ni.

3. ỌMỌBÌNRIN ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé níbí gan-an, a máa ń gbọ́ ọ kí wọ́n sọ fún obìnrin pé, “O ti lọ sílé ọkọ, kí ló kù tí o ń wá?” Ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní 1924, kóòtù sọ pé àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ní in. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó dá lórí àṣà Ìgbò, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà sọ pé àṣà tó bá ń fi ogún bàbá du ọmọ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ka Ìwé Númérì orí 27 yóò rí i pé àwọn ọmọbìnrin Selofehadi ti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ bá Mósè, Ọlọ́run sì dá wọn láre.

Bó bá wá di pé a ó pín ilé, ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín in: ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín ogún rẹ̀. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Privy Council ti dá a ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà, ìyẹn ni pé ọ̀nà mẹ́rin ni kí a pín in sí, ti ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ó bá rí i pé òun ni yóò mú àlàáfíà wá. Ẹ rò ó wò o: ikú 1940, ìdájọ́ 1962. Ọdún méjìlélógún! Ìjókòó ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ẹbí ìbá dín gbogbo ìyẹn kù.

4. BÍ WỌ́N BÁ TA Á LẸ́YÌN RẸ

Ibí yìí ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Ohun tí kóòtù tẹnu mọ́ nínú ẹjọ́ Esan àti Faro ní 1947, àti Ekpendu àti Erika ní 1959, ni èyí: bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò sí rárá. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà tó dúró fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, títà náà dúró títí di ìgbà tí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ bá lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà. Nínú èkejì yìí, bí o bá jókòó tí o ń ráhùn fún ọdún mẹ́wàá, tí olùrà ti kọ́lé, tó ti ná owó, kóòtù lè ní o ti pẹ́ jù. Tètè sọ̀rọ̀. Kọ lẹ́tà, mú ẹlẹ́rìí, lọ bá agbẹjọ́rò.

Lóòótọ́, ẹjọ́ Èkó ló pọ̀ nínú àwọn tí mo kà wọ̀nyí, àṣà ìlú kan sì lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìlú mìíràn. Ẹ bi àwọn àgbà wa léèrè, kí ẹ sì bi agbẹjọ́rò léèrè pẹ̀lú.

5. ÀWỌN TÓ RA FÚLÁÀTÌ

Ti fúláàtì le ju ti ilé ẹbí lọ lọ́nà kan, torí pé ẹ̀jẹ̀ kò so àwọn onílé pọ̀. Ìwé àdéhùn nìkan ló so wọ́n pọ̀. Bó o bá ra fúláàtì, ìwé tí o fọwọ́ sí ló ń sọ púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ rẹ: ta ló ń bójú tó ilé, èló ni wàá máa san, kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ọ̀pọ̀ kì í ka ìwé náà. Wọn á ka iye yàrá, wọn á ka iye táìlì, wọn ò ní ka àdéhùn.

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe Òfin Ayálégbé ní 2011, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ayálégbé bá ń san owó ìtọ́jú ilé yàtọ̀ sí owó ilé, kí onílé fún un ní rìsíìtì ọ̀tọ̀, kó sì kọ bí wọ́n ṣe ná owó náà sílẹ̀ fún un, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá lè fún ayálégbé ní ìṣirò, mélòó mélòó ni ẹni tó ra fúláàtì tirẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ra fúláàtì, òfin 1985 sọ pé bí alákòóso bá fẹ́ ṣe àtúnṣe tí yóò ná onífúláàtì kan ní ohun tó ju £250 lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn sí wọn, kó sì gbọ́ tẹnu wọn. Bí kò bá ṣe é, kò lè gbà ju £250 lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òfin 2002 sì tún fún àwọn onífúláàtì lágbára láti parapọ̀ gba àkóso ilé, kódà bí alákòóso kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mọ òfin yìí.

6. OJÚṢE TÌRẸ

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dá owó òrùlé, wọn á ní ọdún tó ń bọ̀. Bí omi bá wá ń jò, àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tí kò san owó tirẹ̀ ń jẹ nínú owó aládùúgbò rẹ̀, olè jíjà sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta-Fájì ní Erékùṣù Èkó. Iléèwé wà lókè ilé náà, àwọn ọmọdé sì wà nínú àwọn tó kú. Ìjọba ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. Bí a bá rí ògiri tó ń sán, ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn lórí ta ni yóò sanwó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìwé Diutarónómì orí 22 pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́lé pé kó mọ odi yí òrùlé ká kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́. Ọlọ́run ń béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

7. OHUN TÍ A Ó ṢE

Èkínní, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín sílẹ̀, pẹ̀lú yàrá tàbí fúláàtì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Èkejì, ẹ yan ẹni méjì sídìí owó, kí ẹnì kan gbà á, kí ẹlòmíràn kọ ọ́. Kí rìsíìtì wà fún gbogbo owó. A kì í gbé owó fún alájọ tí kò ní káàdì, kí ló dé tí a ń gbé owó ilé fún ẹni tí kò ní ìwé?

Ẹ̀kẹta, ẹ máa ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún, kí a ka ìṣirò sétí gbogbo ènìyàn, àwọn tó wà lẹ́yìn odi náà lórí fóònù.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ fúláàtì, ẹ dá ẹgbẹ́ àwọn onílé sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ó lè ní àkáǹtì ní báńkì, kó sì lè dúró ní kóòtù. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ìfọwọ́sí gómìnà ṣe pàtàkì bí ilẹ̀ tí wọ́n fún ní C of O bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má fi rìsíìtì nìkan sùn.

Ìkarùn-ún, ẹ gbé ìjà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà kí ó tó di ti kóòtù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ta ilé, ẹ má fi ọjọ́ falẹ̀.

Fún àwa ará etíkun, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ènìyàn wa mọ àjọní. Ní 1947, nígbà tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó, ohun gbogbo ni wọ́n jọ ní. Lónìí, gbogbo wa ń wo bí òkun ṣe ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò náà. Bí omi bá gbé ilé ẹbí lọ, kò sí ògiri tí yóò jẹ́rìí pé opó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní yàrá méjì níbẹ̀. Bí owó gbà-má-bínú tàbí ilẹ̀ míì bá sì dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò pè. Ẹ kọ ìwé náà nísinsìnyí. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹnì kan tọ́jú ọ̀kan sí Ìgbókòdá tàbí ibòmíràn tí omi kò lè dé.

Ahabu gba ọgbà Naboti nítorí pé àwọn àgbà ìlú kò gbèjà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a dákẹ́ lórí opó àti ọmọ òrukàn tó wà láàárín wa. Kí Olúwa fi òdodo àti àlàáfíà sínú ilé kọ̀ọ̀kan wa. Àmín.