Kámẹ́rà Ẹ̀yìnkùlé: Ojú Ta Ni Yóò Fi Hàn Wá?

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún mi pé èmi ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ààbò ilé lọ́dún yìí, mo rò pé ọlọ́pàá tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n pè. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fáìlì ni mo mọ̀, n kò mọ wáyà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ti fi owó kọ́gbọ́n, ẹ wá sọ ọ́ fún wa kí àwa má baà san tiwa." Òótọ́ ló sọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nínú ọyẹ́, olè fo ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ní Barnawa níbí, ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré àti bátìrì ínfátà méjì lọ. Mo ní kámẹ́rà nígbà náà o. Mẹ́rin ni mo rà pọ̀ nínú páálí kan, torí pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì dínwó. Ẹni tó bá mi kàn wọ́n mọ́ ògiri gbé èyí tó wà lẹ́yìn ilé sókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, ó ní kí ó lè máa rí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó sì ń rí i lóòótọ́. Nígbà tí a wo àwòrán náà láàárọ̀, a rí ògiri, a rí igi máńgòrò, a rí ẹnì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dé fìlà, tó ń rìn bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò ju èèrún funfun kan lọ.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń ti omi wá sí àdúgbò wa, ọ̀kan nínú àwọn tí à ń pè ní mai ruwa. Òun náà tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà máa ń dé fìlà, ó sì mọ ẹ̀yìnkùlé wa dáadáa. Mo tẹjú mọ́ àwòrán yẹn títí, mo ní òun ni. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ìwé ẹ̀sùn àti ìwé àwíjàre wò níbi iṣẹ́, tí mo mọ̀ pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo fi èèrún funfun fa ọmọ ọlọ́mọ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Òru méjì ló sùn sí àgọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú ẹlòmíràn níbi tó ti ń wá ẹni tí yóò ra bátìrì náà, ó sì jẹ́wọ́. Mo lọ bẹ ọmọ náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò ti omi wọ òpópónà wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa kámẹ́rà, mo sì rí i pé kì í ṣe torí pé tèmi dínwó ni kò fi wúlò. Mo rà á láìmọ ohun tí mo fẹ́ kí ó rí.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwòrán tí kámẹ́rà ń yà jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Kámẹ́rà tí wọ́n kọ 1080p sí lára páálí rẹ̀ ní 1,920 nínú wọn láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Ìlànà àgbáyé kan wà, IEC 62676-4, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014. Ẹ̀dà ti ọdún 2014 náà ní kí a tó lè fi àwòrán dá ẹni tí a kò rí rí mọ̀ láìsí iyèméjì, mítà kan níbi tí ẹni náà dúró sí gbọ́dọ̀ gba píksẹ́lì 250. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, 125 lè tó. Bí ó bá wá lọ sílẹ̀ dé 25, ohun tí a lè sọ kò ju pé ènìyàn kan wà níbẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi 250 pín 1,920, kò pé mítà 8. Ibi tí àwòrán bá ti fẹ̀ ju mítà 8 lọ, ojú ènìyàn ti ń di èèrún nìyẹn. Kámẹ́rà tó ní awò 2.8 mm, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, máa ń ríran fẹ̀ gan-an. Bí ènìyàn bá ti jìnnà tó bíi mítà 3 sí i, àwòrán ti fẹ̀ tó mítà 8 náà. Mítà 3 péré! Olè tèmi wà ní bíi mítà 12 sí kámẹ́rà. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: ojú rẹ̀ kò lè ju píksẹ́lì 10 lọ ní ìbú. Orí píksẹ́lì 10 ni mo dúró lé tí mo fi búra pé mo mọ ẹni náà.

Nígbà náà, ṣé kí a ra èyí tó lágbára jù ni? Awò 4 mm kì í ríran fẹ̀ tó 2.8, nítorí náà ó ń rí ojú jìnnà díẹ̀, bíi mítà 4. Kámẹ́rà 4K ní 3,840 píksẹ́lì ní ìbú, ìlọ́po méjì 1080p. Tó bá ní awò 2.8, ó lè dé bíi mítà 6. Ẹ rí i pé owó ńlá lẹ fi kún un, kò sì sún un síwájú ju mítà 3 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lábẹ́ òrùlé, kí ẹ mú un sún mọ́ ibi tí olè kò lè ṣe kó má gbà kọjá, ìyẹn kò gba kọ́bọ̀ kún un.

Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kò ní irú ibẹ̀. Nílé ẹlòmíràn, àlàfo tó wà láàrin ògiri ọgbà àti ilé ni. Nílé ẹlòmíràn, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni. Tiwa ni iwájú àgò irin tí a fi jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ rọra rìn yípo ilé yín lálẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jalè (kí ẹ ti sọ fún mẹ́gáàdì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o!), ẹ ó mọ̀ ọ́n fúnra yín. Bíi mítà 2 ààbọ̀ sí ilẹ̀ dára: ọwọ́ kò ní í tètè tó o, kò sì ní jẹ́ pé orí fìlà nìkan ni yóò máa wò.

Èyí mú mi rántí obìnrin kan. Marie Van Brittan Brown ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú ni ní Queens, ní New York. Ó máa ń dá wà nílé lálẹ́, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí a bá pè wọ́n. Ní ọdún 1966, òun àti ọkọ rẹ̀ Albert, tó mọ iṣẹ́ iná, kọ̀wé fún ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìṣọ́lé tó ní kámẹ́rà; ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1969. Ihò mẹ́rin ló wà lára ilẹ̀kùn wọn, ọ̀kan lókè èkejì, kámẹ́rà sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, kí ó lè bá ojú ẹni gíga àti ojú ẹni kúkúrú pàdé. Ẹ̀yin ìyá wa, obìnrin ló kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀ fún ilé gbígbé, ibi tí ojú wà ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ló kàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú máa ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared ríran, ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kò lè rí. Bí wọ́n bá kọ mítà 30 sí páálí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà dé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ibi tí ẹ ti lè dá ojú mọ̀. Nínú ọyẹ́ ti Kàdúná wa yìí, eruku afẹ́fẹ́ yóò máa tàn yanran níwájú rẹ̀ bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Aláǹtakùn náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun tàbí abẹ́ páálí òrùlé tó sún mọ́ ọn jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ta padà sí i lójú. Ohun tó ṣe mí lóore jù lọ ni gílóòbù LED wọ́ọ̀tì 9 kan tí mo fi sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bí iná bá wà níbẹ̀, kámẹ́rà tí kò lórúkọ pàápàá yóò ṣe dáadáa. Ẹ tún wo ara páálí fún àmì IP66: 6 àkọ́kọ́ ní eruku kò lè wọ inú rẹ̀, 6 kejì ní omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára kò lè wọ̀ ọ́.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? A kúkú mọ ara wa. Kámẹ́rà tó nílò wọ́ọ̀tì 5 yóò jẹ 120 wọ́ọ̀tì-wákàtí lójúmọ́, èyí tí ínfátà ilé lè gbé láìmọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti Wi-Fi, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé náà gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkùnkùn tí olè ń retí ni kámẹ́rà yóò kú sí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Wi-Fi olówó pọ́ọ́kú kì í gba ju 2.4 GHz lọ, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tó ń lo sólà àti síìmù dára fún ibi tí kò sí wáyà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sùn títí ooru ara ènìyàn yóò fi jí wọn. Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn ẹni tó ti kọjá ni wọ́n máa ń yà. Èmi padà sí oníwáyà. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti àwòrán pọ̀, ó lè gùn tó mítà 100. Méjì ni mo rà dípò mẹ́rin, mẹ́gápíksẹ́lì 4 pẹ̀lú awò 4 mm, tó ń rí ojú dé bíi mítà 5. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán pamọ́ wà nínú yàrá tí a ń tì. Bó bá jẹ́ inú kámẹ́rà nìkan ni káàdì wà, olè tó bá gbé kámẹ́rà ti gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

N kò ní dárúkọ iye náírà kankan. Kí wọ́n tó tẹ ìwé yìí tán, ó lè ti yí padà. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ fi owó kámẹ́rà kẹta àti ẹ̀kẹrin ra káàdì gidi àti gílóòbù. Bí kámẹ́rà bá ń gba àwòrán ní mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo 21.6 GB lójúmọ́. Káàdì 128 GB yóò gba bí ọjọ́ 5 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí ẹ bá sì ní kó máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù, dátà yín yóò sunkún. Ní ọjà, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí páálí gbọ́. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ọmọ rẹ̀ dúró sí mítà 5, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta kù tí kò gbówó lórí. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Mirai láti gba àìmọye kámẹ́rà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn olówó wọn kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà, wọ́n sì fi wọ́n dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣe aago rẹ̀ kí ó bá ti ògiri mu; abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fẹ́ kí a fi hàn pé ẹ̀rọ tí ẹ̀rí ti jáde ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, aago tó ní ọ̀sán ni òru yóò fún lọ́yà ẹlẹ́jọ́ láyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ó yọjú sí ilé aládùúgbò. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé wà ní ẹ̀há ni a ń gbé, abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sì dáàbò bo àṣírí ilé olúkúlùkù. Èmi pe aládùúgbò mi wá wo ohun tí tèmi ń rí lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ògiri òun nìkan ni òun rí.

Mo ti gbé kámẹ́rà méjì wá, ọ̀kan nínú mẹ́rin àtijọ́ yẹn àti ọ̀kan nínú àwọn tuntun. Wọ́n wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn yìí, a ti pa iná ibẹ̀, a sì ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí mítà 3, mítà 5 àti mítà 12 nílẹ̀. Kí ẹ tó lọ jẹun, ẹ wọlé ní méjì méjì, kí ẹnì kan dúró lórí àmì, kí ẹnì kejì wo àwòrán. Bí ẹ bá dé orí mítà 12, ẹ bá mi dé fìlà.