ÌFẸ́ TÍ Ó Ń ṢIṢẸ́
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, nípa obìnrin kan tí ó tọ́jú ọkọ rẹ̀ fún ọdún 39

  Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún nìkan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ni pẹ̀lú; nítorí ìfẹ́ tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, orúkọ lásán ni.

Nígbà tí ọkọ bá wà ní àlàáfíà, tí ó ń jáde lówùúrọ̀, tí ó sì ń wọlé nírọ̀lẹ́, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé aya rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ náà bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dáhùn bí a bá pè é, tí a kò sì mọ̀ bí ó mọ ẹni tí ó dúró tì í, kí ni ìfẹ́ yóò máa ṣe nígbà náà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀wò. Ìtàn ọkùnrin kan tí a bí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, àti ti aya rẹ̀, ni a ó fi wá ìdáhùn rẹ̀.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Jean-Pierre Adams. Ìlú Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni a bí i sí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1948. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí tọkọtaya kan ti gbà á tọ́. Ó dàgbà di agbábọ́ọ̀lù tí ó lágbára. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Nîmes, ó gbá a fún Nice àti fún Paris Saint-Germain. Láàrin ọdún 1972 sí 1976, ìgbà 22 ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Faransé. Òun àti ọ̀gbẹ́ni Marius Trésor ni wọ́n jọ ń dúró lẹ́yìn bí odi ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pe àwọn méjèèjì ní Ẹ̀ṣọ́ Dúdú.

Ní ọdún 1968, níbi ijó kan, ó pàdé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bernadette. Òyìnbó ni ọmọbìnrin náà, àwọn òbí rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọ àwọn fẹ́ ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn méjì bá ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó ṣòro láti tú u ká. Ní ọdún 1969 wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méjì.

Nígbà tí ó di ọdún 1982, orúnkún ń dà á láàmú, a sì pinnu pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn Édouard Herriot ní ìlú Lyon. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni a dá. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ti kánjúkánjú, à bá sì ti sún un síwájú. Ṣùgbọ́n a kò sún un. Dókítà kan ṣoṣo tí ń fún ènìyàn ní oògùn oorun ni ó ń bójú tó aláìsàn mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó sì wà lọ́dọ̀ Adams. Ọ̀pá tí ó yẹ kí ó gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, a kò fi í sí ibi tí ó yẹ. Èémí há, ọkàn dá iṣẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ kò sì dé ọpọlọ mọ́. Ẹ̀yin ará, ọpọlọ ènìyàn kò lè fara da irú èyí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún 34 tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn nítorí orúnkún, kò tún sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ó fi jáde láyé.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí a tó dá dókítà náà àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù kan tí wọn kò lọ, àti owó ìtanràn kékeré, ni ìyà tí a fi jẹ wọ́n.

Ìyẹn ni ti ọkọ. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ aya.

Oṣù 15 ni Adams fi wà ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà a gba aya nímọ̀ràn pé kí ó gbé e lọ sí ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó àti abirùn. Bernadette kọ̀. Ó rí i pé bí a ti ń tọ́jú ọkọ òun kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì gbé e wálé ní ọdún 1983. Ilé tí a kọ́ lọ́nà tí yóò rọrùn fún aláìsàn ni, ní agbègbè Nîmes, ó sì fún un ní orúkọ kan tí ó túmọ̀ sí Ilé Arẹwà Eléré-ìje Tí Ó Ń Sùn.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Kí agogo méje òwúrọ̀ tó lù ni ó ti dìde. A wẹ ọkọ rẹ̀, a fá irùngbọ̀n rẹ̀, a wọ aṣọ fún un. A lọ oúnjẹ rẹ̀ kúnná, nítorí kò lè jẹun bí àwa ti ń jẹ ẹ́, a sì máa fi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. A yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ara rẹ̀ má baà dégbò. A bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, a ra ẹ̀bùn fún un. Láìsí ẹ̀rọ, ọkùnrin náà ń mí. A la ojú, a sì pa á dé. Ṣùgbọ́n kò lè rìn, kò lè fọhùn, kò sì lè fi ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn. Nígbà tí àwọn ènìyàn bi í bóyá kò sàn kí a jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, aya dáhùn pé òun kò lè gbọ́ irú rẹ̀ sétí. Báyìí ni ó ṣe títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí Adams kú ní Nîmes, ní ẹni ọdún 73.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà ìgbéyàwó wọn títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọdún 13 péré ni. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ títí di ọjọ́ ikú, ọdún 39 ni. Ọ̀nà mẹ́ta ọdún tí ó fi gbádùn ọkọ rẹ̀ ni ó fi tọ́jú rẹ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, 'Kí ni èrè bíbá ẹni tí kò gbọ́ sọ̀rọ̀?' A kò gbọdọ̀ yára sọ pé kò gbọ́. Ní ọdún 1974, àwọn dókítà méjì ní Glasgow, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún irú oorun yìí tí a ń pè ní kómà: a ń wo ojú bí ó bá là, a ń wo ẹnu bí ó bá fọhùn, a ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí wọ́n bá mira. Òṣùwọ̀n rere ni, a sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn sóde nìkan ni ó lè wọ̀n. Ní ọdún 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí jàǹbá ọkọ̀ sọ di ẹni tí kò dáhùn mọ́. Wọ́n ní kí ó rò ó lọ́kàn pé òun ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Ọpọlọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní ọdún 2024, a tún tẹ ìwádìí jáde nípa ènìyàn 241 tí kò lè fi ara jẹ́ iṣẹ́ kankan tí a bá rán wọn. Ọpọlọ 60 nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ náà. A kò fi èyí sọ pé gbogbo wọn ni ó ń gbọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí a máa jíròrò bí a ó ti pín oko rẹ̀.

A ní ìkìlọ̀ kan pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá ṣubú lulẹ̀ ní ilé yín tí kò mọra mọ́, ìbáà ṣe ibà ni ó gun ọpọlọ, ìbáà ṣe àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ọ̀kadà tí ó gbá a, ẹ má ṣe rọ ẹ̀kọ mímu, omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò mọra kò lè gbé e mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ, a ó sì fi ọwọ́ ìfẹ́ pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ má ṣe tẹ ọrùn rẹ̀ bí ó bá fara gbá, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Òṣogbo kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn ńlá sì wà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1962 tí Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, ni a ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ìdádúró ni ọ̀tá.

Wàyí o, ohun tí ó wà lọ́kàn wa jù lọ nìyí. Ó dùn mọ́ wa lẹ́nu láti yin Bernadette. Ṣùgbọ́n ìyìn lè di ọ̀nà tí a fi ń sá fún iṣẹ́. Nínú agbo ilé wa, bí ọkọ bá dùbúlẹ̀, àwọn ará a wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọn a kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ku aya nìkan. Ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà ti wà ní títì, ẹ̀yìn ń ro ó nítorí gbígbé àgbàlagbà, kò sì sùn tán lóru kan. A ó wá wí pé, 'Obìnrin gidi ni!' a ó sì kọjá lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dípò ìyìn, ìfura ni: àwọn kan a máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, 'Kí ni ó fi sínú ọbẹ̀?' Ẹni tí ń fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ wa lóru ni a ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀! Ìwà ìkà ni, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Bernadette pàápàá kò dá a ṣe pátápátá. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi owó ràn án lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù láti kó owó jọ fún un. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè dá owó aṣọ àǹkóò láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó lè dá owó oògùn.

A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí ṣe pàṣán fún obìnrin. Kì í ṣe gbogbo aya ni ó ní agbára, owó tàbí ìlera láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 39, ẹni tí kò bá lè ṣe é kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Àwa ọkùnrin tí a ń pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ó bá jẹ́ pé aya ni ó sùn tí kò jí, mélòó nínú wa ni yóò kọ́ bí a ti ń lọ oúnjẹ kúnná? Mélòó ni kò ní gbé ìyàwó tuntun wọlé kí ọdún tó yípo? Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó má ṣe fi dandan béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó ṣeé ṣe kí ilé kan wà ní àdúgbò yín níbi tí aláìsàn ti dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí a kò sì bẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn ilé náà. Ẹ má ṣe bi aya pé ṣé ara ọkọ ti ń yá. Gbogbo ènìyàn ni ó ti bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé, 'Ìyá, ìgbà wo ni ẹ sùn kẹ́yìn?' Kí ẹ sì jókòó ti ọkọ rẹ̀, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí obìnrin náà lè lọ sùn.