Ọkọ̀ Tí Yóò Bá Wa Kalẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìbàdàn

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 2015, orí gbogbo wa dúdú. Lónìí, ẹni tí ẹ kò bá rí ewú lórí rẹ̀ láàrin wa, ó kùn ún ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ìtàn ẹgbẹ́ ni n ó sọ. Mo ní rárá, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà níbí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gan-an ni mo ra Camry mi, irú èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní "Big Daddy". Ẹ ti bá mi wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú. Ó ṣì wà níta níbẹ̀ yẹn báyìí, òun ló gbé mi wá. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti ń kọ gbogbo owó tí mo bá ná lé e lórí sínú ìwé kan. Ìwé náà ni mo fẹ́ kà fún yín lónìí.

IYE TÍ A RA Ọ̀KỌ̀ KỌ́ NI IYE RẸ̀

₦1,600,000 ni mo rà á. Mo rò pé ìnáwó ti parí nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó, mo ṣe àròpọ̀. Láìka epo bẹntiróòlù, láìka ìwé ọkọ̀ àti inṣúránsì, owó tí mo ti ná lórí ìtọ́jú àti àtúnṣe láàrin ọdún mẹ́wàá jẹ́ ₦3,940,000. Ó ju ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lọ. Bí owó náà ṣe pín nìyí:

Ọ́ìlì, fílítà, plọ́ọ̀gì, ọ́ìlì gíà àti páàdì bíréèkì: ₦1,150,000.
Tayà àti bátìrì: ₦920,000.
Ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, búṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì: ₦780,000.
Enjìnnì tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́: ₦1,090,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, mẹkáníìkì mi ní Challenge ṣí iwájú ọkọ̀, ó ní, "Dádì, rọ́bà tó ń gbé omi wọ radiétọ̀ yìí ti ń wú, ìdérí rẹ̀ náà kò sì dé dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ méjèèjì. ₦18,000 ni." Mo ní kó jẹ́ kí oṣù parí ná, owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Oṣù parí, mo gbàgbé.

Ní oṣù Kẹwàá, èmi, ìyàwó mi àti ìyá rẹ̀ ń ti Èkó bọ̀. A ti kọjá Ogèrè, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ tó ń fi ooru enjìnnì hàn ti ń gòkè. Ó yẹ kí n dúró lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká ṣáà dé Ìbàdàn ná. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Guru Maharaj Ji, èéfín funfun ti bo iwájú ọkọ̀, enjìnnì dákẹ́. Wákàtí mẹ́ta ni a fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òkùnkùn. Ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún 78, jókòó sórí kúlà tí a fi gbé oúnjẹ, ó ń gbàdúrà. Ìyàwó mi kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí wọ́n tú enjìnnì náà, orí rẹ̀ ti tẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Enjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn jẹ́ ₦780,000. Owó ẹni tó fà wá wálé, owó iṣẹ́, ọ́ìlì àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ jẹ́ ₦310,000. Nítorí ₦18,000! Ohun tí mo ná lé ní ìlọ́po ọgọ́ta ohun tí mo sá fún. Àwọn àgbà wa ní àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

OHUN TÓ MÚ NǸKAN WỌ́N

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Peugeot 504 ni ọkọ̀ ẹni tó bá rọ́wọ́ họrí. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń fojú rí lásán, la bá gba tòkunbọ̀ mọ́ra. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ wa àti páàtì rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n.

Ní àárín ọdún 2015, nǹkan bíi ₦197 ni dọ́là kan ní báńkì. Lọ́dún 2025, ó ti di nǹkan bíi ₦1,500. Nítorí náà, ẹni tó ń ta páàtì ní Aràròmí, ní Gate, kì í ṣe ọ̀tá wa. Iye tí òun náà rí i rà ló gbé owó tirẹ̀ lé.

Ti epo ńkọ́? ₦87 ni iye tí ìjọba fi lé lítà kan lọ́dún 2015. Ó di ₦145 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàrin ọjọ́ mélòó kan, lítà kan ti ju ₦480 lọ. Lọ́dún 2025, ó ti ju ₦800 lọ. Nǹkan bíi lítà 70 ni táǹkì Camry tèmi ń gbà. Lọ́dún 2015, ₦6,090 ló ń kún un. Tí a bá ka lítà kan sí ₦850 lọ́dún 2025, ₦59,500 ni. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ láàrin wa, kó nawọ́ sókè kí akápò rí i.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ni wá. Bí ọ̀kan bá ti ń fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù náà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ọ́fíìsì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tó fún mi láṣẹ pé kí n sọ ọ́ láìdárúkọ òun, fi apá kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì láti Jámánì. Ọkọ̀ náà dára, ó ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kọṣẹ́, iye tí wọ́n pe ẹyọ kan ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́ta lọ. Oṣù méje ló ti wà lábẹ́ tapólì ní Bódìjà. Micra ni ọ̀rẹ́ mi ń wọ̀ wá sípàdé.

Ẹ sì wo àwọn onímícrà náà. Láti Agbowó dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road, òun ló gba títì. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ kì í yan ọkọ̀ nítorí ẹwà. Ó kéré, kì í mu epo púpọ̀, páàtì rẹ̀ wà níbi gbogbo, kò sì sí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Ìbéèrè mẹ́ta tí àwa náà gbọ́dọ̀ bi ara wa nìyẹn kí a tó sanwó ọkọ̀: Mélòó ni epo rẹ̀ yóò jẹ lóṣù? Ṣé páàtì rẹ̀ wà ní Gate? Ta ni yóò tún un ṣe ní Ìbàdàn níbí?

Orúkọ rere nìkan kò tó o. Toyota lórúkọ, Honda lórúkọ, àmọ́ ọmọ rere náà ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kì í yá. Camry tí a ń pè ní "Muscle", ti ọdún 2007 sí 2009, tó ní enjìnnì 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ ọ́ìlì. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní àfikún àkókò láti bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Accord tí a ń pè ní "End of Discussion" náà, lọ́dún 2004, Honda pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà nítorí gíà, àwọn Accord V6 sì wà lára wọn. Ìyẹn kò sọ wọ́n di ọkọ̀ burúkú. Ohun tó ń sọ ni pé kí a béèrè ọdún ọkọ̀ àti irú enjìnnì rẹ̀, kí á má fi ìnagijẹ rà á.

Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá sì ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́, ẹ wo nọ́ńbà ṣáàsì. Mẹ́tàdínlógún ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Lára ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó ṣe ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 dúró fún 2004, 7 dúró fún 2007, A dúró fún 2010.

OHUN TÍ ÌWÉ MI KỌ́ MI

Èkíní, ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ẹni tó bá ní òun yóò pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000, tó sì jẹ́ máìlì ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kà, ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 8,000. Èmi máa ń pààrọ̀ tèmi ní máìlì 3,000, nítorí gosíló wa àti eruku wa.

Èkejì, omi. Ẹ máa wo omi radiétọ̀ láàárọ̀ kí enjìnnì tó gbóná. Bí ọwọ́ ooru bá gòkè, ẹ dúró, ẹ pa enjìnnì. Ẹ má sọ pé "ká ṣáà délé ná". Ẹ rántí ìyá ìyàwó mi lórí kúlà.

Ẹ̀kẹta, tayà. Ara tayà ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí, nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ẹ bá rí 4523, ọ̀sẹ̀ ìkarùnlélógójì ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Tayà tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè máa dán bíi tuntun, kí ó sì bẹ́ lójú ọ̀nà Èkó.

Ẹ̀kẹrin, bẹ́líìtì. Àwọn enjìnnì kan ń lo ṣéènì nínú, àwọn mìíràn ń lo bẹ́líìtì rọ́bà. Camry 2.4 tèmi, ṣéènì ni. Camry V6 ti ìgbà kan náà, bẹ́líìtì ni, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi máìlì 90,000. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ̀karùn-ún, mẹkáníìkì. Ẹ mú ẹnì kan, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ ọkọ̀ yín bí dókítà ṣe mọ aláìsàn rẹ̀. Ẹ bá a lọ ra páàtì, ẹ gba rìsíìtì. Bó bá sì sọ fún yín pé nǹkan kan fẹ́ bàjẹ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Tèmi sọ fún mi.

ÀBÁ MI FÚN ẸGBẸ́

Lọ́dún tó kọjá, tí ọkọ̀ mi kò ní ìjàǹbá kankan, ₦540,000 ni mo ná lé e lórí. Ìyẹn jẹ́ ₦45,000 lóṣù. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀ jù fún wa. Ohun tó ń pa wá ni pé ó máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́jọ́ tí kò sí nílé. Lọ́jọ́ tí mo kọ ₦18,000, mo ní owó náà. Ohun mìíràn ni mo ti fi í sí.

Nítorí náà, mo ń gbé àbá kan síwájú ilé. Ẹ jẹ́ kí a dá àjọ ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kó máa dá iye tí agbára rẹ̀ ká níbi ìpàdé oṣooṣù, kí akápò kọ ọ́ sórúkọ rẹ̀. Kò ní lè gbà á fún aṣọ ẹbí, kò ní lè gbà á fún òkú ṣíṣe. Kìkì ìgbà tó bá mú ìwé mẹkáníìkì wá ni a ó fún un. Bí ọdún bá parí tí ọkọ̀ kò bàjẹ́, owó rẹ̀ ni, kó gbà á tàbí kó fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ náà lè dá a fún ọjọ́ tí yóò rà á.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọkọ̀ tí a bá rà ní ọjọ́ orí wa yìí lè jẹ́ èyí tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, tí yóò gbé wa lọ síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa, tí àwọn ọmọ ọmọ yóò da bísíkíìtì sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí a bá ń ṣe ọdún ogún ẹgbẹ́ yìí, mo fẹ́ kí gbogbo wa péjú, kí á má sì rí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dá dúró sójú ọ̀nà. Tèmi yóò wà níta níbẹ̀ yẹn, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.