Ọdẹ Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ la gbé dé lónìí.

Nínú ara wa, àwọn àbùdá ajogúnbá kan wà, jíìnì, tí iṣẹ́ wọn ni láti dí jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Wọ́n dà bí ọdẹ àdúgbò. Nígbà mìíràn, ọdẹ yìí kò kú, kò sì sá lọ. Ṣe ni wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Mo tún un sọ: jíìnì náà kò bàjẹ́, wọ́n kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Oògùn kan wà tó ń tú aṣọ náà. Azacitidine lorúkọ rẹ̀. Ìlú Prague ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́dún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn mùdùnmúdùn eegun tí kì í jẹ́ kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ tó dára.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé: ìwọ̀n kékeré ló ń tú ìdè. Bó bá pọ̀ jù, pípa ló ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ń gbọ́ ti oògùn yìí o. Ti ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀ ọ́n bá jà jù. Bí wọ́n bá sì dá a dúró, aṣọ lè padà sẹ́nu ọdẹ. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí dókítà bá fún, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.