Òfin Eré Ọ̀fẹ́

Eré tí kò ní òfin, ìjà ni í dà. Ní 1974 ni Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn ọ̀rẹ́ a máa fẹnu hun ìtàn, dáìsì a sì máa dájọ́. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín yọ̀ǹda ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n fẹ́ fagi lé àṣẹ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: àwọn tí ń ṣe eré náà fárígá, òfin tí à ń pè ní SRD 5.1 sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí kò ṣe é gbà padà. Lónìí, àwọn ọ̀rẹ́ tí ìlú wọn jìnnà síra lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì jọ ṣeré láìná kọ́bọ̀. Kí ẹni tí ń wá òfin ọ̀fẹ́ kọ́kọ́ bèèrè: ǹjẹ́ ẹni tí ó fúnni lè gbà á padà?