Ìgbànú Olúborí: Eré àti Òótọ́ nínú Ìjàkadì WrestleMania

Kókó tí ètò tòní gbé yẹ̀wò ni ìjàkadì ńlá tí ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní WrestleMania. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti ká àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ọrùn ara wọn há abíyá lórí pápá, tí wọ́n sì ń ké orúkọ àwọn oníjàkadì òkè òkun. Ìbéèrè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń bi olùkọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé òótọ́ ni wọ́n ń jà, àbí eré ni? Olùkọ́ tí ó bá dáhùn pé irọ́ pátápátá ni ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tí ó bá sì dáhùn pé òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sàn jù ú lọ. Ohun tí ó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì ni àsọyé yìí fẹ́ tú sí gbangba.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ ya irú ìjàkadì méjì sọ́tọ̀. Ìjàkadì tí Yorùbá ń pè ní ẹkẹ jẹ́ ìdíje agbára àti ọgbọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin méjì á wọ inú agbo, wọ́n á gbá ara wọn mú, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí yóò ṣubú kí ọwọ́ tó kan ọwọ́. Iyì tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oríkì àwọn ará Ọ̀fà fi ka ìjàkadì sí orò ìlú wọn. Ìjàkadì tí wọ́n ń ṣe níbi ìdíje Òlíńpíìkì kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti WrestleMania kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ tí ó kó wọn jọ ni ó sì ń pinnu ṣáájú ẹni tí yóò borí àti ẹni tí yóò ṣubú. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà: Michael Okpala, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Power Mike, ti fi í gba òkìkí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1985 ni WrestleMania àkọ́kọ́ wáyé ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York. Vince McMahon ni ó dá a sílẹ̀. Kí ó tó dé, olúkúlùkù onígbọ̀wọ́ ìjàkadì ní Amẹ́ríkà ni ó ní agbègbè tirẹ̀, ẹnì kan kì í sì í ré kọjá ààlà ẹlòmíràn. McMahon ra ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní ọdún 1982, ó fi tẹlifíṣọ̀n wó ààlà wọ̀nyẹn, ó sì da ìjàkadì pọ̀ mọ́ orin àti sinimá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Hulk Hogan àti òṣèré sinimá tí ń jẹ́ Mr. T ni ó borí Roddy Piper àti Paul Orndorff. Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, sì wà lára àwọn rẹfirí. WWF ni ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 2002 ni ó di WWE, lẹ́yìn ẹjọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, tí òun náà ń lo lẹ́tà mẹ́ta kan náà.

Ipò tí ọdún ìbílẹ̀ wà sí ìlú ni WrestleMania wà sí àwọn tí ń tẹ̀ lé ìjàkadì yìí. Gbogbo aáwọ̀ tí wọ́n ti ń fi hàn láti oṣù pípẹ́ ni ó máa ń wá sí ojútùú níbẹ̀. Èyí tí ó ga jù lọ nínú rẹ̀ ni ìjà fún ìgbànú olúborí. Ìgbànú ọ̀hún pọ̀ ní oríṣiríṣi: ti ọkùnrin wà, ti obìnrin wà, ti àwọn tí ń jà ní méjì-méjì náà sì wà. Ẹni tí ó bá tẹ èjìká méjèèjì alátakò rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí rẹfirí fi ka ení, èjì, ẹ̀ta ni ó gbà á.

Ẹ wá wo ìjà tí ó gbé òkìkí WrestleMania kárí ayé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987, ní pápá Silverdome ní ìlú Pontiac, Hulk Hogan tí ìgbànú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kojú André the Giant, òmìrán ará Faransé. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé 93,173 ènìyàn ni ó wá wòran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tí ń kọ ìtàn ìjàkadì ń jiyàn pé wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní André wọn 520 pọ́n-ùn. Hogan gbé e sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ariwo sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ̀ ni pé àìsàn tí ó sọ André di òmìrán ti ń jẹ ẹ́ lára. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn, ó sì de ọ̀já ìtìlẹ́yìn sí abẹ́ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ì bá lè gbé e bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbà. André ni ó yọ̀ǹda ara ríro náà kí Hogan lè di akọni. Kò tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993, tí ó fi di olóògbé ní ẹni ọdún 46.

Òwe Yorùbá kan ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: awo ní í gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́; bí awo kò bá gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́, awo yóò tẹ́. Ẹni tí a rí bí ọ̀tá nínú agbo náà, alábàáṣiṣẹ́ ni. Ẹni tí ń gbé ènìyàn sókè ń ṣọ́ ọrùn àti orí ẹni tí ó gbé. Ẹni tí ń ṣubú ti kọ́ bí a ṣe ń fi gbogbo ẹ̀yìn gba ilẹ̀, kí agbára ìṣubú má baà kó sí ojú kan. Àwọn àgbà tí wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, ìjà gidi ni wọ́n ń bá wí; ṣùgbọ́n àwọn oníjàkadì wọ̀nyí ti sọ òwe náà di òfin iṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awo tí wọn kì í tú fún ọ̀gbẹ̀rì ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó tú u níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey. Wọ́n jẹ́wọ́ pé eré ìnàjú ni ìjàkadì àwọn, pé kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba baà lè yọ wọ́n kúrò lábẹ́ òfin tí ó de àwọn eléré ìdíje. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé òwò náà yóò dàrú, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Kò dàrú. Ní ọdún 2016, ní Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, 101,763 ni iye èrò tí ilé-iṣẹ́ náà kéde. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe irọ́ ni àwọn èrò náà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sí.

Kí ni wọ́n ń rà nígbà náà? Eré ni, ní ìtumọ̀ tí Yorùbá fún ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí ó sì ṣe Ṣàngó lórí ìtàgé, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò pè é ní onírọ́ nítorí pé ó jẹ oúnjẹ alẹ́ lẹ́yìn tí eré parí. Bákan náà ni ẹni tí ń wo eégún aláré tí ó di ọ̀nì tàbí erè kì í dìde láàárín agbo láti ṣe àlàyé ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po. Àdéhùn wà láàárín òṣèré àti òǹwòran. Lọ́jọ́ kan náà tí Hogan gbé André, Randy Savage àti Ricky Steamboat ja ìjà mìíràn fún ìgbànú Intercontinental, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èyí tí ó dára jù lọ lọ́jọ́ náà. Savage a máa kọ ìṣísẹ̀ ìjà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa há a sórí bí òṣèré ti ń há ọ̀rọ̀ eré sórí. Àwọn ẹlòmíràn a máa hun tiwọn lójú agbo, gẹ́gẹ́ bí oníjàálá ti ń hun ewì rẹ̀ níwájú èrò. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti yan olúborí ṣáájú, ǹjẹ́ ìgbànú náà tún ní láárí? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Nínú ẹkẹ, ilẹ̀ ni adájọ́, ilẹ̀ kì í sì í ṣe ojúsàájú. Nínú ìjàkadì yìí, ènìyàn ni ó ń yan ènìyàn, ìbéèrè ìdájọ́ òdodo sì wọ inú rẹ̀. Ẹ wo Kofi Kingston, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Kofi Sarkodie-Mensah, tí a bí ní Ghana. Láti ọdún 2008 ni ó ti ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n WWE, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní ìgbànú tí ó ga jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, wọ́n fi í dípò oníjà kan tí ó fara pa, ó sì ṣe bẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó bá dé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún náà, ní New Jersey, ó borí Daniel Bryan, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba ìgbànú WWE. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn obìnrin ni ó ja ìjà àṣekágbá WrestleMania fún ìgbà àkọ́kọ́. Becky Lynch ni ó borí. Ní ọdún 2021, obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, Bianca Belair àti Sasha Banks, ni ó ja ìjà àṣekágbá ti alẹ́ àkọ́kọ́, Belair sì gba ìgbànú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ja àjàyè lọ́nà ti ẹkẹ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ti tì fún ìgbà pípẹ́ ni ó ṣí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti èdè náà kò ṣeé fò dá. Nígbà tí Kingston kọ́kọ́ dé, ará Jàmáíkà ni wọ́n fi í hàn sí ayé, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ará ibẹ̀. Ó di ọdún 2009 kí wọ́n tó máa dárúkọ Ghana. WrestleMania ti ọdún 2021, ní ìlú Tampa, kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Tolúlọpẹ́ Ọmọ́gbẹ̀hìn, tí a bí ní Èkó, tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, jà níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, òun àti AJ Styles sì gba ìgbànú ti oníjà méjì-méjì. Omos ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin yìí rọrùn ní ẹnu àwọn akéde, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí ohunkóhun ní èdè tí a ti gé e. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó bá gé ìjánu ní láti mọ ohun tí ó gé.

Ní alẹ́ kejì, Apollo Crews, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí a bí ní ìpínlẹ̀ California, kojú Big E nínú ìjà tí wọ́n pè ní ìjà ìlù Nàìjíríà. Wọ́n ti fún Crews ní ọ̀kọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọba, ó sì ń fi ohùn tí kì í ṣe ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n to ìlù yí agbo ká, iṣẹ́ ohun ìjà ni wọ́n sì yàn fún un. Ẹni tí ó jáde wá ràn án lọ́wọ́ ni Babátúndé Ayégbùsì, tí a bí ní Poland, tí wọ́n sọ ní Azeez. Crews gba ìgbànú Intercontinental. Ó yẹ kí inú ọmọ Nàìjíríà dùn pé wọ́n dárúkọ ilẹ̀ rẹ̀ ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí ó bi ara rẹ̀ pé, ní ilẹ̀ tí ìlù ti ń fọhùn, tí ó ń ki ọba, tí ó sì ń pe ènìyàn ní orúkọ, ta ni ó jókòó kọ eré tí ìlù ti di kùmọ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ ara. Èsì ìjà ni wọ́n ń pinnu ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó lè pinnu ohun tí ilẹ̀ yóò ṣe sí egungun. Pátákó tí a tẹ́ lé irin, tí a fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti aṣọ bò, ni wọ́n ń ṣubú sí lálaalẹ́. Daniel Bryan gba ìgbànú ní WrestleMania ọdún 2014. Ìpalára ọrùn mú kí ó fi í sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà tí Bryan borí, Undertaker, tí kò tíì pàdánù rí nínú ìjà 21 ní WrestleMania, ṣubú lọ́wọ́ Brock Lesnar, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì gbé e lọ nítorí orí tí ó fi gbá. Níbi ìjàkadì mìíràn tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ṣe ní ìlú Kansas City ní ọdún 1999, Owen Hart já bọ́ láti òkè gbọ̀ngàn níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 34. Agbaṣẹ́ṣe ni ilé-iṣẹ́ náà ka àwọn oníjà rẹ̀ sí, kò kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ oníwèé ìgbanisíṣẹ́. Ẹrù ìlera wọn sì wà lọ́rùn ara wọn lọ́nà púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá tún bèèrè, ẹ sọ fún un pé eré ni ìjà náà, òótọ́ sì ni ìṣubú. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú, pé ẹni tí ó bá gbé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ mọ́ sìmẹ́ńtì ilé-ìwé kò ṣe eré, ó ṣe ìpalára. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa wo olúborí bí ẹ ti ń wo ẹ̀dá ìtàn: ẹ wádìí ẹni tí ó kọ ọ́, ìdí tí ó fi yàn án, àti èdè tí ó fi sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ yìí pàápàá, agbo ẹkẹ ṣì wà, ìlù tí ń fọhùn sì ń bẹ. Bí ẹ kò bá kọ ìtàn wọn, àwọn ẹlòmíràn yóò máa bá yín kọ ọ́.